Ṣé Ká Ra Láptọ́ọ̀pù Báyìí, Àbí Ká Dúró De Tuntun?

Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé bá ti ń jáde ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní Pólì Abraham Adesanya ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ìbéèrè kan máa ń gba ilé dé ilé ní àdúgbò wa, Atikori: láptọ́ọ̀pù ọmọ yìí ńkọ́? Bàbá á ní kí wọ́n tètè rà á kí owó tó tán lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó á ní kí wọ́n ní sùúrù, pé èyí tó dáa jù ú lọ ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá tó kó àjọ, tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, kò mọ ọ̀rọ̀ ta ni kóun gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó kan tíṣà tó fẹ́ máa tẹ ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀, ó kan akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó kan ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Èmi gbà pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yìí, kì í ṣe ìròyìn ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, ó yẹ kí ẹ mọ ohun mẹ́ta nínú láptọ́ọ̀pù. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní processor: òun ló ń ṣiṣẹ́. Tábìlì tó ń tẹ́ aṣọ lé ni RAM: bí tábìlì bá kéré, bó ti wù kí ọwọ́ télọ̀ yá tó, aṣọ kan ló máa lè gé lẹ́ẹ̀kan. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ oníbàárà sí ni ibi ìpamọ́: ibẹ̀ ni ìwé, fọ́tò àti orin yín máa ń wà nígbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà. Oríṣi ibi ìpamọ́ méjì ló wà lọ́jà. Èyí àtijọ́ ni hard disk, tí nǹkan kan ń yí nínú rẹ̀. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni SSD, tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù oní-hard-disk lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jí. Èyí tó ní SSD kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó sọ: èyí tó dáa jù ú lọ ń bọ̀. Ìgbà wo ni kì í bọ̀? Lọ́dún 1965, ọ̀gbẹ́ni Gordon Moore, tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀wé pé iye àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń tò sórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1975, ó yí i sí ọdún méjì-méjì. Ohun tó sọ ṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ń dúró de láptọ́ọ̀pù tí òmíràn kò ní dára jù, kò ní ra ọ̀kankan láéláé.

Ìdúródè yìí ti ṣe ilé-iṣẹ́ kan léṣe rí, àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà kò sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 1981, Adam Osborne gbé kọ̀ǹpútà kan jáde ní Amẹ́ríkà tí èèyàn lè gbé rìn. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 11, ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì márùn-ún lọ, dọ́là 1,795 sì ni wọ́n ń tà á. Àwọn èèyàn rà á gan-an. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í polongo èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí lórí àtẹ. Àwọn oníbàárà ní àwọn á dúró de tuntun, àwọn alátùntà sì dáwọ́ ríra dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, gbèsè wó ilé-iṣẹ́ náà. Ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìdíje pọ̀, ìṣirò owó wọn kò sì dán mọ́rán, ṣùgbọ́n títí dòní, orúkọ Osborne ni wọ́n fi ń pe irú ìdúródè bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rọ tuntun bá wá dé, ṣé owó èyí tó wà nílẹ̀ ò ní já wálẹ̀? Níbí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti fara gbọgbẹ́. Ní ìlú tí owó wọn dúró sójú kan, owó láptọ́ọ̀pù tó ti pé ọdún kan máa ń wálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé. Kódà àwọn tí ilé-iṣẹ́ Zinox ń tò pọ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2001, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú wọn ti ń wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Ṣáájú ọjọ́ náà, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní iye ti ìjọba, lọ́jà òde ó wà ní nǹkan bíi 750. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa dé, ó ti kọjá 1,400 ní ti ìjọba àti ní tòde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan fi dọ́là 300 ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. Nígbà tí dọ́là jẹ́ 750, náírà 225,000 ni, láì tíì fi èrè àti owó ọkọ̀ sí i. Nígbà tí dọ́là di 1,500, ẹ̀rọ yẹn kan náà di 450,000. Obìnrin tó ti kó 250,000 jọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó wá ní òun á dúró di ọdún tó ń bọ̀ kí owó lè wálẹ̀, sùúrù tó ní ló jẹ ẹ́ níyà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn tó kàn. Lọ́dún 2025 náírà fara balẹ̀ díẹ̀, dọ́là sì dúró ní nǹkan bíi 1,500. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù tì yín débi tí ẹ fi máa yáwó èlé torí láptọ́ọ̀pù. Ẹ kàn má fi ìrètí pé owó máa wálẹ̀ ṣe ìdí kan ṣoṣo tí ẹ fi ń dúró.

Nígbà mìíràn pàápàá, kì í ṣe náírà ló ń sún owó ẹ̀rọ sókè. Ní 2011, omíyalé ńlá bo àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe hard disk ní orílẹ̀-èdè Thailand, owó hard disk sì fò sókè kárí ayé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2025, RAM ló kàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ AI ń kó RAM lọ rẹpẹtẹ, èyí tó kù fún àwa èèyàn lásán sì gbówó lórí. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọ̀nà kẹta tí àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà rántí, pàápàá fún ẹni tó ti ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan nílé. Ẹ̀rọ tó ń fà bí ìgbín lè máà nílò ju kí wọ́n yọ hard disk rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi kún RAM láti 4GB di 8GB. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju wákàtí kan sí méjì lọ, iye tí ẹ máa ná á sì kéré gan-an sí owó láptọ́ọ̀pù mìíràn. Kí ẹ tó ra RAM o, ẹ béèrè bóyá ti inú ẹ̀rọ yín ṣeé yọ. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, àti MacBook Air látìgbà tó ti jáde ní 2008, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ RAM wọn mọ́nú. Ohun tí ẹ rà lọ́jọ́ kìíní náà ni ẹ máa lò dópin. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú wọn kò gbọ́dọ̀ ra 4GB, kó wá rò pé òun á fi kún un tó bá yá.

Ohun kan wà tó lè mú kí dídúró díẹ̀ bọ́gbọ́n mu, Windows ni, ètò tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Wọ́n fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún kan sí i fún ààbò nìkan. Kọ̀ǹpútà náà ò kú, yóò ṣì máa tẹ̀wé, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dí i. Windows 11 ló rọ́pò rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló gbà á. Ní ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ń ṣe, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí.

Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú fi kún ọjà báyìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè ń kó èyí tí kò lè gba Windows 11 dànù, wọ́n ń kó o wá sí Òpópónà Ọtigba ní Ikẹja, ibi tí à ń pè ní Computer Village, àwọn oníṣòwò sì ń kó o láti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó lágbára wà nínú wọn, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ i5-6300U, nọ́ńbà 6 tó tẹ̀ lé ìlà yẹn ń sọ pé ìran kẹfà ni. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 11, bíi i5-1135G7, ìran kẹwàá tàbí kọkànlá ni. HP EliteBook 840 G3 tó kún ìgboro, ìran kẹfà ni. Ọ̀pọ̀ 840 G5 ló bọ́ sí ìran kẹjọ. Orúkọ kan náà, àwọ̀ tó jọra, ọjọ́ iwájú tó yàtọ̀. Bí owó ẹ̀rọ méjèèjì bá sún mọ́ra, tó sì jẹ́ pé àjọ oṣù kan tàbí méjì sí i ló máa gbé yín láti G3 dé G5, mo ní kí ẹ dúró, kí ẹ kó o. Ìdúró tó ní ọjọ́, tó sì ní iye, nìyẹn. Ẹni tí ìwé títẹ̀ nìkan jẹ lógún lè ra èyí tó jẹ́ ìran kẹfà ní ẹ̀dínwó, kó sì ní kí wọ́n fi Linux rọ́pò Windows inú rẹ̀ fún òun, ọ̀fẹ́ ni.

Bátìrì ṣe pàtàkì ní Atikori ju ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, torí iná. Ẹ ṣí Command Prompt lórí ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ̀rọ náà máa sọ ibi tó fi ìwé kan pamọ́ sí, ẹ ṣí i. Ẹ fi iye tó wà níwájú DESIGN CAPACITY wé èyí tó wà níwájú FULL CHARGE CAPACITY. Èyí àkọ́kọ́ ni bí bátìrì náà ṣe lágbára tó nígbà tó wà ní tuntun. Èkejì ni ohun tó kù. Bí èyí tó kù kò bá tó ìdajì, ẹ ka owó bátìrì tuntun mọ́ owó ẹ̀rọ náà kí ẹ tó dúnàá dúrà. Ẹ tún ní kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun lójú yín, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń béèrè ímeèlì ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, torí pé ilé-iṣẹ́ náà lè tì í mọ́ yín lọ́wọ́ nígbàkúgbà.

Ta ló wá yẹ kó dúró? Ẹni tí láptọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì gba ìwé ìgbàwọlé: UTME tí JAMB sọ di ti kọ̀ǹpútà fún gbogbo èèyàn láti 2015, gbọ̀ngàn ìdánwò ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀rọ ibẹ̀ ni wọ́n ń lò, owó díẹ̀ tí ẹ fi rán ọmọ lọ kọ́ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ti tó fún ìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ máa wo fíìmù náà lè dúró.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó ìtẹ̀wé fún gbogbo iṣẹ́ tí olùkọ́ bá fún un, akọ̀wé tó ń fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ́ tí oníbàárà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò rí ẹ̀rọ fi gba iṣẹ́, oṣooṣù ni ìdúró ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá wà lára wọn, tí owó sì ti pé, ẹ lọ rà á lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.