Ìwé Ìtọ́jú Aláìsàn Ń Tọ́ka sí Oògùn Tí Yóò Ràn Án

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtọ́jú àrùn inú ìtọ̀.

Nígbà tí ìtọ̀ bá ń ta ènìyàn bí iná, a lè yẹ ìtọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n èsì a máa tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó jáde, nítorí a ní láti jẹ́ kí kòkòrò àrùn náà pọ̀ sí i kí a tó dán oògùn wò lára rẹ̀. Ìrora kò dúró de èsì. Dókítà yóò yan oògùn apakòkòrò ná. Bí oògùn yẹn kò bá ran kòkòrò náà mọ́, àrùn lè gòkè dé kíndìnrín.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Technion, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 10 wò, tí èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ inú rẹ̀ ju 700,000 lọ. Ọjọ́ orí aláìsàn, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ àtẹ̀yìnwá àti àwọn oògùn tí ó ti rà ń fi oògùn tí kò ní ràn án hàn. Nígbà tí wọ́n fi ìlànà yìí wé oògùn tí àwọn dókítà ti yàn, àṣìṣe rẹ̀ kéré sí tiwọn.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù tọ́jú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó sì sọ gbogbo oògùn tí ó ti lò fún dókítà, títí kan èyí tí ó dá rà. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò lè mọ ohun tí a kò kọ sílẹ̀.