Òfin Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Gbọ́dọ̀ Gbà Kí Ó Tó Wọ Ẹgbẹ́ Eré Ìdárayá

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ eré sá, tí wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wọ́n ti gbọ́ pé yunifásítì ní Amẹ́ríkà lè torí eré fún ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà bèèrè: kí ni ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ti ṣèlérí kí wọ́n tó gbà á láàyè láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a ó fi ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NCAA ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,000.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀

Ní ọdún 1905, bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, ti di ohun ẹ̀rù. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ibẹ̀ fara pa, àwọn mìíràn sì ń kú. Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba láti wá nǹkan ṣe sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹ̀kọ́ 62 péjọ ní New York láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1906, ó sì gba orúkọ NCAA ní ọdún 1910. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ẹ̀mí ọmọ ènìyàn ni ó bí òfin náà, kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ.

Àwọn òfin náà

Ẹ̀kíní, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ní tòótọ́. Àjọ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ìpele ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ń fúnni ní oyè ọlọ́dún mẹ́rin. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ní ẹgbẹ́ tiwọn, NJCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1938.

Ẹ̀kejì, kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Láti ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ náà ti pín ara rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tí ó fẹ́ wà ní ìpele kìíní gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán irú eré 14: méje fún ọkùnrin àti méje fún obìnrin, tàbí mẹ́fà fún ọkùnrin àti mẹ́jọ fún obìnrin. Ní ìpele kejì, mẹ́wàá ni. Ní ìpele kẹta, mẹ́wàá ni fún ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò ju 1,000 lọ, méjìlá sì ni fún èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta yìí kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀kọ́ nítorí eré. Ọmọ tí ó bá rò pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ni ó ń torí eré sanwó fún ènìyàn yóò kàn ń fi ọdún rẹ̀ ṣòfò lórí ìwé kíkọ.

Ẹ̀kẹta, sùúrù. A kì í kọ ìwé lónìí kí a di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́la. Ẹni tí ó fẹ́ wọ ìpele kejì yóò lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò yìí, kò ní ẹ̀tọ́ sí ìdíje àṣekágbá ti ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin, orí ọ̀gá ni ẹrù wà. Kóòṣì kọ́ ni ó ń dáhùn fún ilé ẹ̀kọ́, ààrẹ yunifásítì ni. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì rí i pé àwọn ènìyàn òun ti rú òfin, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sun ẹgbẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, eléré gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa kàwé dáadáa kí ó tó lè ṣeré. Ní ìpele kìíní àti ìkejì, nígbà tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́, wọn kò gbọdọ̀ fi ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ kó o sẹ́nu ìdánrawò, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan.

Bí a bá rú òfin ńkọ́?

Southern Methodist University ní Dallas ń san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò sì jáwọ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ fagi lé gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún ọdún náà. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 1988 pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí kò gba kọ́bọ̀ pàápàá pàdánù ibi tí wọn ì bá ti ṣeré. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dunni nìyí: àgbà ni ó rú òfin, ọmọ ni ó jìyà rẹ̀.

A kò ní sàì sọ pé òfin owó ti yí padà. Láti ọdún 2021, eléré lè fi orúkọ ara rẹ̀ pa owó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ lè san owó fún eléré tààrà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin àná ṣèdájọ́ òní.

Ẹ̀sìn ńkọ́?

Òfin náà fi àyè sílẹ̀. Brigham Young University kì í díje ní ọjọ́ Àìkú nítorí ẹ̀sìn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ní àsìkò, wọn yóò yí ọjọ́ ìdíje àṣekágbá padà fún un. Ẹ kíyè sí i: ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú ni ó ń gbà wá, kì í ṣe àròyé ọjọ́ ìdíje.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí ó jáde ní Muslim Teachers' College, dé University of Houston ní ọdún 1980. Kò ṣeré fún wọn ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1982, 1983 àti 1984, ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì NCAA. Ẹni tí ó bá ní sùúrù pẹ̀lú òfin yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa náà, àwọn yunifásítì ní NUGA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1965. Bí ilé ẹ̀kọ́ wa bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ eré èyíkéyìí lọ́la, kí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ ka ìwé òfin rẹ̀ tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn ni ìwọ̀lé ẹgbẹ́. Àgbà ni ó ń fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni ó fi ń dúró.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1905 tí ó fa dídá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀?
2. Irú eré mélòó ni ilé ẹ̀kọ́ ìpele kìíní gbọ́dọ̀ ní, báwo sì ni a ṣe lè pín in?
3. Ta ni ẹrù òfin wà lórí rẹ̀, kóòṣì ni tàbí ààrẹ yunifásítì? Sọ ìdí tí o fi rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.
4. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá fẹ́ díje ní àsìkò Jímọ̀, kí ni ó yẹ kí ó ṣe, nígbà wo sì ni?