ÌGBÀGBỌ́ ÀWỌN KRISTẸNI NÍPA ÌṢẸ̀DÁ ÀTI ÌṢUBÚ ÈNÌYÀN: ÀGBÉYẸ̀WÒ FÚN OLÙKỌ́ ÌSÌLÁÀMÙ NÍ ÌLÚ KUMASI

Ìfáàrà

Àjọgbé Mùsùlùmí àti Kristẹni ní ìlú Kumasi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tí Bowdich, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dé ààfin Asantehene Osei Bonsu ní ọdún 1817, ó bá àwọn àlùfáà Mùsùlùmí níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá tí wọ́n sì ń ṣe àdúà fún ọba. Ọdún 1839 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ́kọ́ wọ ìlú náà. Òun kan náà ni ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1842. Àwọn míṣọ́nnárì Basel fìdí kalẹ̀ sí Kumasi ní ọdún 1896. Àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn: àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ń kírun, kí òfin tí ìjọba Busia ṣe lórí àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé púpọ̀ nínú wọn padà sílé.

Ibi tí ẹ̀sìn méjì bá ti ń pàdé nínú agbo ilé kan, ọ̀rọ̀ Ànábì Ádámù kì í pẹ́ jáde. Gbólóhùn tí ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásù Mùsùlùmí ni pé Kristẹni gbà pé gbogbo ọmọ tuntun ni ó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù. Gbólóhùn yìí bá àwọn kan mu, kò sì bá ọ̀pọ̀ mìíràn mu. Súrà al-Mā'idah (5:8) pàṣẹ pé kí ìkórìíra ẹnikẹ́ni má ṣe mú onígbàgbọ́ ṣe àìṣòdodo. Al-Shahrastānī, tí ó kú ní ọdún 1153, tẹ̀lé ìlànà yìí nínú al-Milal wa-l-Niḥal, ó sì pinnu láti sọ ìgbàgbọ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan bí ó ti wà nínú ìwé wọn. Lójú ọ̀nà yẹn ni àgbéyẹ̀wò yìí gbà, láti fi hàn pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí kọ́ ni ìyàtọ̀ gan-an wà.

Ìṣẹ̀dá Ènìyàn

Orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì sọ pé Ọlọ́run dá ènìyàn, akọ àti abo, ní àwòrán ara Rẹ̀. Orí kejì sọ pé erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Ó fi mọ ọ́n, tí Ó sì mí èémí ìyè sí i ní imú. Mùsùlùmí kò ṣàjèjì sí èyí. Súrà al-Ḥijr (15:28-29) sọ nípa amọ̀ àti ẹ̀mí tí Ọlọ́run fẹ́ sínú rẹ̀. Nípa ọ̀rọ̀ “àwòrán”, hádíìsì kan wà nínú àkójọ al-Bukhārī àti Muslim tí ó sọ ohun tí ó jọ ọ́, àwọn onímọ̀ sì yàtọ̀ síra lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ hádíìsì yìí kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà.

Orí kẹta ni ìtàn ìṣubú wà: ejò tan obìnrin, obìnrin jẹ nínú èso igi, ó fún ọkọ rẹ̀, a sì lé àwọn méjèèjì jáde nínú ọgbà. Ohun méjì yẹ ní àkíyèsí. Èkíní, orí náà kò dárúkọ Èṣù; àwọn olùkọ́ ìgbà ẹ̀yìn ni ó pe ejò náà bẹ́ẹ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀ṣẹ̀” kò sí nínú rẹ̀; inú ìtàn Kéènì, ní orí kẹrin, ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Ní ti Àlùkùráánì, tọkọtaya náà ni ó jọ ṣe àṣìṣe, àwọn méjèèjì ni ó sì jọ tọrọ àforíjìn (7:20-23). Àwọn ìtàn tí ó di ẹ̀bi ru Hawwā' nìkan nínú àwọn ìwé tafsīr kan kò ti inú Àlùkùráánì wá.

Láti Ọ̀dọ̀ Páùlù dé Ọ̀dọ̀ Wesley

Páùlù, nínú ìwé Róòmù (5:12-21), ni ó fi Ádámù àti Jésù wéra: ọ̀dọ̀ ènìyàn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ àti ikú ti wọ ayé, ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni ìdáláre sì ti wá. Kò ṣàlàyé bí ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ṣe ń dé ara àwọn ọmọ rẹ̀. Augustine (354-430), bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí ó di Àlgéríà lónìí, ni ó fún un ní àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jù. Bíbélì èdè Látìn tí ó kà jẹ́ kí ó gbà pé “nínú” Ádámù ni gbogbo ènìyàn ti dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí nínú èdè Gíríìkì ni pé “nítorí pé” gbogbo ènìyàn dẹ́ṣẹ̀. Pelagius takò ó, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage ní ọdún 418 sì dá Pelagius lẹ́bi. Àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn kò tẹ̀lé Augustine délẹ̀: ikú àti àìlera ni wọ́n ní a jogún, kì í ṣe ẹ̀bi.

Ìpàdé Trent ní ọdún 1546 fìdí ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí múlẹ̀ fún ìjọ Kátólíìkì. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ náà ti ọdún 1992 sọ gbangba pé nínú àwọn ọmọ Ádámù, kì í ṣe ẹ̀bi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ dá, bí kò ṣe ìpàdánù ìjẹ́mímọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìjọ náà kọ̀wé pé ìdí wà láti ní ìrètí ìgbàlà fún ìkókó tí ó kú láìṣe ìrìbọmi. Luther àti Calvin tẹnumọ́ ìbàjẹ́ àdámọ́ ènìyàn ju Trent lọ. John Wesley kọ ìwé ńlá gbe ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1757, ṣùgbọ́n ó kọ́ni pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ti ṣáájú dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, a kò sì ní tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù nìkan sọ ọmọdé kankan sínú iná. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ-ọwọ́ rárá. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ bọmi.

Bí Ẹ̀kọ́ Náà Ṣe Dún Létí Àwọn Ará Kumasi

Ẹ̀kọ́ yìí bá ìmọ̀ mìíràn nílẹ̀ ní ilẹ̀ Asante. Àwọn Akan gbà pé ọ̀dọ̀ Onyame ni ɔkra ènìyàn ti wá. Òwe wọn sọ pé ọmọ Onyame ni gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Kwame Gyekye gbé èrò yìí yẹ̀wò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1987. Wọ́n tún ní ìtàn bí Onyame ṣe jìnnà sókè nítorí arúgbó obìnrin kan tí ọmọ odó rẹ̀ ń gún Un nígbà tí ó ń gún fùfú. Ìjìnnà wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bi tí ọmọ ń jogún. John Pobee, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ọmọ Gánà, ṣàlàyé ní ọdún 1979 pé ohun tí ó ń ba àjọṣe àwùjọ jẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ lójú Akan. Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Kumasi pẹ̀lú gbà láti ilé pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí Kristẹni ní Kumasi bá ń sọ̀rọ̀ ìdáǹdè lọ́wọ́ ibi ju ẹ̀bi àjogúnbá lọ.

Ibi tí Ìyàtọ̀ Wà Gan-an

Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ gbà pé Ádámù kọjá àṣẹ Ọlọ́run. Wọ́n jọ gbà pé ọkàn ènìyàn a máa fà sí ibi. Súrà Yūsuf (12:53) sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Hádíìsì tí ó dájú sọ pé orí fiṭrah, àdámọ́ mímọ́, ni a bí gbogbo ọmọ sí. Hádíìsì mìíràn tí ó dájú sọ pé Ṣàyítáánì a máa fọwọ́ kan ọmọ tuntun, àyàfi Maryam àti ọmọ rẹ̀. Àwọn Kristẹni kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, ṣùgbọ́n ìfọwọ́kàn ọ̀tá kì í ṣe ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí a fọwọ́ kàn.

Oníwàásù a máa ka Ìsíkíẹ́lì (18:20), pé ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá, pẹ̀lú Súrà al-An‘ām (6:164), pé kò sí ẹlẹ́rù tí yóò ru ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ̀rí náà le fún ẹni tí ó bá gba ẹ̀bi àjogúnbá gbọ́. Kátólíìkì tí ó mọ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò kàn fèsì pé òun náà kò sọ pé ọmọ dá ẹ̀ṣẹ̀ bàbá.

Ọ̀nà àtúnṣe ni ìyàtọ̀ gan-an wà. Nínú Àlùkùráánì, Ọlọ́run gba túúbá Ádámù (2:37), Ó yàn án, Ó sì fi mọ̀nà (20:122). Gbígbé orí ilẹ̀ pàápàá kò pilẹ̀ láti inú àṣìṣe náà, nítorí kí Ọlọ́run tó dá Ádámù ni Ó ti sọ pé Òun yóò fi arólé sí orí ilẹ̀ (2:30). Lójú Kristẹni, ọgbẹ́ tí ìṣubú dá kọjá ohun tí àforíjìn nìkan lè wò: ìdájọ́ òdodo béèrè ètùtù, ìfẹ́ Ọlọ́run sì pèsè rẹ̀ nínú ikú Jésù. Ìbéèrè tí ó yẹ láti jíròrò ni èyí: ǹjẹ́ àánú Ọlọ́run nílò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ronú pìwà dà? Ìdáhùn Ìsìláàmù ni pé kò nílò rẹ̀.

Ìkádìí

Ó yẹ kí olùkọ́ Ìsìláàmù kọ́kọ́ mọ ìjọ tí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà, kí ó sì béèrè ohun tí ẹni náà gbàgbọ́ kí ó tó fèsì sí i. Ó yẹ kí ó ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára àìlera, nítorí àwọn ìjọ fúnra wọn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kò yẹ kí ikú ọmọ-ọwọ́ di ohun ìjà lórí pẹpẹ ìwàásù. Nínú ilé tí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí tí ìyá sì jẹ́ Kristẹni, bí ọmọ bá kú, àwọn méjèèjì ni ó ń sunkún rẹ̀. Bí a bá sọ fún ìyá náà pé ìjọ rẹ̀ ti fi ọmọ rẹ̀ sínú iná, nígbà tí ìjọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀, a ti pa irọ́ mọ́ ìjọ rẹ̀, a sì ti fi kún ìbànújẹ́ rẹ̀. Ohun tí Ìsìláàmù ní láti sọ fún un ni pé mímọ́ ni a bí ọmọ náà, Aláàánú jùlọ sì ni Ẹni tí ó padà sí ọ̀dọ̀ Rẹ̀.