Ta Ló Yan Iṣẹ́ Fún Ọ?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Jẹ́nẹ́sísì 4:20-22. 1 Sámúẹ́lì 16:10-13

 

Kí ẹ tó jáde, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí, ta ló yàn án fún yín?

Nílẹ̀ Yorùbá, ilé tí wọ́n bí èèyàn sí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yan iṣẹ́ fún un. Tí o bá gbọ́ Àyánwálé, o ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ni. Lẹ́yìn ilé, ó ku ipò ọmọ. Àkọ́bí ló máa ń kọ́kọ́ di irinṣẹ́ bàbá mú, torí òun ló kọ́kọ́ dàgbà tó iṣẹ́ ṣe. Ní Èjìgbò tiwa níbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wọ mọ́tò lọ sí Àbíjàn torí pé ẹ̀gbọ́n wọn ti wà níbẹ̀ tó ń tajà. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n là ni àbúrò ń tọ̀.

Èmi náà, ọmọ kẹta ni mí. Kápẹ́ńtà ni bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló fi ìwé sílẹ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, kí owó lè tó rán èmi níléèwé. Lọ́jọ́ tí mo gba dípúlómà, òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi náà fẹ́ kàwé?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ wo Bíbélì. Ọmọ bàbá kan náà ni Jábálì, Júbálì àti Tubali-Káínì. Ọ̀kan ń sin ẹran, ọ̀kan ń ta háápù, ọ̀kan ń rọ irin. Ti Dáfídì, òun ló kéré jù nínú ọmọ mẹ́jọ, ìdí àgùntàn ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí wòlíì dé, wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ìdí àgùntàn yẹn náà ló ti bá kìnnìún jà kó tó kan Gòláyátì.

Ẹ jẹ́ ká tún ya Ìlá Ọ̀ràngún, ní Ọ̀ṣun wa níbí. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Làmídì Fákẹ́yẹ sí. Ó kọ́ṣẹ́ nílé, ó tún lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fáda Kevin Carroll ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Kátólíkì, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Ifẹ̀ níṣẹ́. Ilé ló fún un ní irinṣẹ́, àmọ́ ohun tó fi irinṣẹ́ náà ṣe kọjá ilé.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ipò tí a bí ọ sí lè fún ọ níṣẹ́, kò lè fi òpin sí ohun tí Ọlọ́run máa fi ọ́ ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí pé ọmọ ni àkọ́bí kí ẹ sọ ọ́ di àtẹ̀gùn fún àwọn yòókù láì bi í léèrè. Ẹ̀yin àbúrò, ẹni tó dúró sídìí iṣẹ́ kí ẹ lè lọ, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

*Iṣẹ́ òní:* Pe ẹni náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní tó bá ṣì fẹ́ kàwé, màá ràn án lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ san owó àga tí mo gbé lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Èló ni fọ́ọ̀mù?"

*Àdúrà:* Olúwa, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ mi, má sì jẹ́ kí n gbàgbé ẹni tó gbé mi ró. Lórúkọ Jésù. Àmín.