Bọ́tà Kì í Ṣe Epo Pupa



Lọ́jọ́ Sátidé kan ni ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé ike kan wọlé tọ̀ mí wá ní Ìjẹ̀gùn níbí. Akàn, edé ńlá, àgbàdo àti ọ̀dùnkún ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn rì sínú ọ̀rá pupa kan tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀ bọ́tà Cajun. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ tọ́ ọ wò." Mo tọ́ ọ wò. Ó ta, ó dùn, aáyù rẹ̀ sì ń ta sánsán. Mo bi í pé èló ló rà á. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Owó yẹn tó ra ẹ̀wà àti epo tí mo fi ń ṣọjà lọ́sẹ̀ kan nígbà tí mo ṣì ń ta ẹ̀wà àgànyìn.

Mo ní ká ṣe é nílé. Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe, mo bà á jẹ́. Ìkejì náà kò jọjú. Ohun tí ojú mi rí kí ó tó dára ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Mo fi nọ́ńbà sí i kí ẹ má bàa ní ọ̀rọ̀ arúgbó ti gùn jù.

1. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín.

"Cajun" tí ẹ ń rí lára ike ata, orúkọ àwọn ènìyàn kan ni. Àwọn ọmọ Faransé kan ń gbé ní Acadie, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nova Scotia ní Kánádà lónìí. Ní 1755 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò. Púpọ̀ nínú wọn wá tẹ̀dó sí Louisiana, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, "Acadien" sì di "Cajun" lẹ́nu ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa ti débẹ̀ ṣáájú wọn, kì í ṣe pé ó wù wọ́n láti lọ. Ọkọ̀ méjì tó kọ́kọ́ kó ẹrú láti Áfíríkà dé Louisiana ní 1719, Ouidah ni wọ́n ti gbéra. Bí ẹ bá wọ mọ́tò láàárọ̀ ní Ìkòtún, tí ẹ gba Bádágírì àti Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ lè dé Ouidah kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọbẹ̀ gumbo tí wọ́n fi ń yangàn lọ́hùn-ún, orúkọ ilá ni, láti inú èdè àwọn Bantu.

Bọ́tà wá ńkọ́? Paul Prudhomme, tó ṣí ilé oúnjẹ K-Paul's sí New Orleans ní 1979, ló ń ri ẹja bọ bọ́tà yíyọ́, tó ń fi ata yí i lára, tó sì ń sun ún nínú páànù irin títí yóò fi dúdú. Èyí ló mú kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Cajun. Àwọn ará Vietnam tó sá wá sí Texas àti Louisiana lẹ́yìn ogun wọn tó parí ní 1975, wọ́n ní tiwọn: wọ́n ń da bọ́tà aláàáyù bo edé tí wọ́n sè bí àwọn Cajun ṣe ń sè é. Èyí gan-an ni baba ohun tí ẹ ń rà nínú ike. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ni ọbẹ̀ yìí tí yóò ní kí ọmọ Ìjẹ̀gùn má sè é?

2. Ẹ ra bọ́tà tó jẹ́ bọ́tà.

Bí ẹ bá rán ọmọ ní "bọ́tà" ládùúgbò wa, májárìn ni yóò rà bọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, tó rọ̀ bí ìpara, ni mo gbé ka iná. Ó hó, ó hó, ó sì yapa: omi funfun wà nísàlẹ̀, òróró dúró lókè. Mo rò pé ẹ̀bi iná ni, àṣé omi inú rẹ̀ ló pọ̀. Nínú 100 gíráàmù bọ́tà gidi, ó kéré tán 80 ló jẹ́ ọ̀rá; omi jẹ́ nǹkan bí 16; ìyókù ni ohun funfun inú wàrà tó ń fún un ní adùn. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà fún pípa búrẹ́dì, ọ̀rá rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí owó kò bá tó ra bọ́tà, ojú kì í tini láti lo májárìn líle tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Nítorí pé bọ́tà wọ́n ni Hippolyte Mège-Mouriès ṣe gbé májárìn jáde ní Faransé ní 1869. Ẹ lè lo ìdajì-ìdajì. Ahọ́n yóò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kò ní bínú.

3. Ata: ẹ lọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ yí ike Cajun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù padà, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀: ata pupa, tàtàsé gbígbẹ, aáyù, àlùbọ́sà, táìmù, ata dúdú, iyọ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí lọ́jà Ìkòtún?

Ẹ ra tàtàsé tó pọ́n dáadáa. Ẹ là á, ẹ yọ irúgbìn rẹ̀, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sá a sínú oòrùn títí yóò fi máa dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn o. Lásìkò òjò, ẹ má dán an wò, yóò bu. Ṣọ̀ǹbọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹbí cayenne tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún ni. Ata dúdú, ẹ lè fi iyèré rọ́pò rẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Èmi fẹ́ràn iyèré jù, ó ní òórùn kan tó ń rán mi létí abúlé.

Kí ló dé tí mo ní ẹ lọ ọ́ fúnra yín? Ní oṣù Kejì ọdún 2005, wọ́n kó oúnjẹ tó lé ní 400 irú kúrò lórí àtẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ata lílọ tí wọ́n fi ṣe sọ́ọ̀sì kan ní àró Sudan I nínú, àró tí wọ́n fi ń kun pólíìṣì bàtà. NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún wa nípa irú àró bẹ́ẹ̀ nínú epo pupa. Ata tó pọ́n ju bí ata ṣe ń pọ́n lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ má sì sọ pé ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá kí ẹ wá kó rodo dà sí i bí ẹni ń se ọbẹ̀ ìgbéyàwó. Apòògùn kan tó ń jẹ́ Wilbur Scoville, ní Amẹ́ríkà ní 1912, ló ń fi omi ṣúgà la ata títí ẹnu kò fi ní mọ títa rẹ̀ mọ́, bí ó bá ṣe là á tó ni ó fi ń mọ agbára rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n rẹ̀, cayenne wà láàárín 30,000 sí 50,000. Rodo, láti 100,000 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tà sì máa ń gbé ata káàkiri ẹnu, torí pé inú ọ̀rá ni ohun tó ń mú ata ta ti ń yọ́, kò mọ omi rárá.

4. Iná.

Ogún ọdún ni mo fi ta ẹ̀wà àgànyìn. Bí mo bá fẹ́ din ata rẹ̀, mo máa ń gbé epo pupa ka iná títí yóò fi máa rú èéfín, tí pupa rẹ̀ yóò ṣí, kí n tó da àlùbọ́sà sí i. Ọwọ́ mi ti mọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí bọ́tà, ó di ọbẹ̀ dúdú láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ohun funfun inú wàrà tí mo sọ yẹn ló ń jóná, kò sì lè dúró de ooru tí epo pupa ń dúró dè.

Ẹ fi iná sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fetí sí i: bọ́tà tó ń yọ́ jẹ́jẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù, omi inú rẹ̀ ló ń jáde. Bí ohùn yẹn bá dákẹ́ lójijì, tí òórùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ti ẹ̀pà yíyan, ẹ gbé e kúrò lórí iná. Ẹ má dúró wò ó.

Ẹ má sì fi í sórí iná kí ẹ lọ máa tẹ fóònù. A mọ iná ní Ìjẹ̀gùn. Lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà kọ lu ọ̀pá epo lábẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò wa. Iná náà jó ilé, jó ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè gbé sílíńdà gáàsì sínú ilé, ìta ni tèmi wà. Bí ọ̀rá bá gbiná nínú páànù, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e. Ẹ ò gbọdọ̀ bu omi sí i.

5. Ẹ má da orí edé nù.

Orí edé àti èèpo rẹ̀ ni ọbẹ̀. Ẹ fi ife omi méjì àti ìdajì àlùbọ́sà sè wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ tọ́jú omi rẹ̀.

6. Bí a ṣe ń pa á pọ̀.

Bọ́tà 250 gíráàmù, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìdá méjì wọ páànù, ìdá kẹta wà nínú fìríìjì. Ẹ da àlùbọ́sà kan tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i, kí ó rọ̀, kí ó má pọ́n. Awẹ́ aáyù mẹ́jọ tí ẹ gún nínú odó kékeré ló kàn, ìṣẹ́jú kan péré. Bí aáyù bá pọ́n, ó ti korò nìyẹn, kò sí ṣúgà tó lè tún un ṣe.

Ẹ wá gbé páànù kúrò lórí iná kí ata tó wọ̀ ọ́. Ibí ni ọmọ ọmọ mi ti bá mi jà, ó ní àwọn tó ń sè é lórí fóònù kì í gbé e kúrò. Mo ní kí ó lọ jẹ tiwọn. Ṣúgà wà nínú tàtàsé gbígbẹ, iná kékeré báyìí ló ń sọ ọ́ di èédú. Ṣíbí ìjẹun méjì ti tàtàsé, ṣíbí tíì kan ti ṣọ̀ǹbọ̀, ìdajì ṣíbí tíì ti iyèré, ṣíbí tíì kan ti táìmù. Ẹ rò ó, kí ẹ sì wò ó: pupa rẹ̀ yóò máa jáde lára ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, títí gbogbo bọ́tà yóò fi dà bí epo Òwìwí tuntun. Bí okùn yẹn kò bá jáde, ata yín ti pẹ́ jù.

Ẹ gbé e padà sórí iná kékeré. Ẹ bu ìdajì ife omi edé sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì pa iná. Bọ́tà tútù yẹn ló kù: ẹ gé e ṣékéṣéké, ẹ máa sọ ọ́ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rò ó láì dúró. Ọbẹ̀ yóò ki, yóò máa dán. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ni kí ẹ fún sí i gbẹ̀yìn. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀, torí bọ́tà míràn ti ní iyọ̀ tirẹ̀.

7. Bó bá yapa, ẹ má sunkún.

Ṣíbí omi gbígbóná kan, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ lù ú kíkankíkan. Yóò padà wá. Èyí tó ti jóná nìkan ni kì í padà.

8. Ọwọ́ ata.

Epo tàbí òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi omi nìkan fọ̀ ọ́, kí ó má fọwọ́ kan ojú títí di ọjọ́ kejì.

9. Ẹ má sè é pọ̀.

Iná mànàmáná wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Aáyù tó wà nínú ọ̀rá lórí àtẹ lásán lè bí májèlé tí kò ní òórùn, tí kò ní àmì, tó lè mú kí ẹ̀yà ara rọ. Bó bá lé ní wákàtí méjì níta, mi ò ní fún ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú fìríìjì tó ń tutù gan-an, ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ sì gbé owó bọ́tà náà kúrò lọ́kàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àlejò pẹ̀lú, kí ẹ tó bu edé fún un, bóyá edé máa ń mú ara rẹ̀ yún.

10. Ohun tí a fi ń jẹ ẹ́.

Akàn àti edé dára, ṣùgbọ́n owó wọn kò dára. Èmi ń dà á lé adìyẹ sísun lórí, tàbí dùndún. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó wá dùn dáadáa, ọmọ ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi fẹ́ dì. Èyí tó kù lára páànù, búrẹ́dì Agége ni mo fi nù ún. Ó ní kí n ṣẹ́ díẹ̀ fún òun. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀.