Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Àwọn tó ń ra àwo orin Yusuf Ọlátúnjí àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà nígbà ayé wọn ni òwe yìí bá mu jù. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń to àwo wọn tẹ̀ léra: bí Vọ́lúùmù 6 bá ti dé ìgboro, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé Vọ́lúùmù 7 ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò kì nínú rẹ̀? Ta ni wọn yóò fi orin nà lẹ́gba? Ṣé kó tó di Iléyá ni yóò dé àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ibẹ̀ ni àbá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ojú ti máa ń ti alábàá. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, ìròyìn ìjà ilé ọtí tó gbẹ̀mí Àyìnlá l'Ábẹ́òkúta ni àwọn tó ń retí àwo rẹ̀ gbọ́.

Eré àbá dídá yìí ti padà dé. Bí ọmọ Ọ̀sí tàbí ọmọ Ìlọ́fà kan bá wà l'Amẹ́ríkà lónìí, tó sì fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù, ó lè wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń san owó àsansílẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n máa fi àwo kan ránṣẹ́ sí i. Àṣà náà kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wọn: ọdún 1955 ni Columbia Record Club ti bẹ̀rẹ̀, Vinyl Me, Please sì tẹ̀ lé e ní 2013. Ẹgbẹ́ ló ń yan àwo. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa da àbá: èwo ló kàn? Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn a tún ju àmì díẹ̀ sílẹ̀ kí ara àwọn ènìyàn lè yá gágá.

Èyí yàtọ̀ sí bí àwọn baba wa ṣe ń ra iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó lọ bá Aréógun l'Ọ̀sí kó tó kú ní 1954, tàbí tó gba Òdò-Ọ̀wá lọ bá Bámigbóyè, mọ ohun tó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbẹ́: ilẹ̀kùn ni, ère ni, tàbí ìbòjú eégún. Ọwọ́ agbẹ́gilére ló kù tí kò mọ bí yóò ṣe rìn. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ti sanwó, kò sì tíì mọ ohun tó rà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá àwọn àbúrò wa sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wo ẹ̀yìn kó o tó dábàá. Gbé àwo kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lórí bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀, wàá rí lẹ́tà àti nọ́ńbà: WAPS jẹ́ ti Decca, SALPS jẹ́ ti Sunny Adé, NEMI jẹ́ ti EMI ilẹ̀ wa, DWAPS sì ni Decca ń lò nígbà tó di Afrodisia. Láàárín bébà yẹn àti ibi tí ilà orin parí sí, ojú àwo dán lóroro. Bí o bá yí i díẹ̀, wàá rí i pé wọ́n fi irin họ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, pẹ̀lú A tàbí B. Má fojú di ìhọra yẹn. Páálí Ọbéy lè wà lórí àtẹ, kó jẹ́ orin ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀, ìhọra yẹn kì í sì í purọ́ bíi páálí.

Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa lè sọ pé àwo kan ń bọ̀, nítorí ó ti rí èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, àárín sì ṣófo. Síbẹ̀, rọra. SALPS jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Sunny Adé fúnra rẹ̀, àbá níbẹ̀ kò ṣòro. WAPS ńkọ́? Ọbéy wà níbẹ̀, Orlando Òwò náà wà níbẹ̀. Àlàfo tó o rò pé ti Ọbéy ni lè jẹ́ ti ẹni tí o kò rò rárá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní oṣù kejì ọdún 1976, kò sí nọ́ńbà tó lè sọ ohun tó kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìwà àwọn olórin jùjú ti mọ̀. Sunny Adé gbé àwo ìdárò jáde lọ́dún yẹn, Ọbéy náà sì gbé tirẹ̀ jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ni olórin wa fi ń kọrin. Lójú tèmi, àbá tó ti ibẹ̀ wá lágbára ju ti nọ́ńbà lọ.

Ti àwọn tó ń tún orin àtijọ́ tẹ̀ jáde ní òkè òkun yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń yàn ni kó o kọ́kọ́ wò. Wo àwọn àpótí àwo Fẹlá tí Knitting Factory ń gbé jáde: wọ́n ní kí Brian Eno yan ti 2014, ó mú Zombie àti Shakara, Erykah Badu yan ti 2017, ó mú Coffin for Head of State àti Underground System. Chris Martin àti Fẹ́mi Kútì ni wọ́n fún ní ti 2021, Idris Elba sì yan ti 2023. Fẹlá kan náà ni, ojú tí wọ́n fi wò ó kò dọ́gba. Wọ́n tún fẹ́ràn ọdún tó bá pé rẹ́gírẹ́gí: Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní 1982 yóò pé 50 ọdún ní 2032. Bí mo bá wà nínú ẹgbẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, mi ò ní gbàgbé ọdún yẹn.

Ohun tí àwọn alábàá kì í sábà rántí ni pé ẹni tó ni orin ló láṣẹ. Orin lè dùn, kí gbogbo ayé máa bèèrè rẹ̀, kó má sì jáde, nítorí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Sunny Adé fi ilé iṣẹ́ àwo orin African Songs sílẹ̀ ní 1974. Ọ̀rọ̀ ta ló ni àwọn téèpù orin tó ṣe lọ́dọ̀ wọn dé ilé ẹjọ́, ọdún 2014 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó tó dá a láre. Ẹni tó ń fi gbogbo ẹnu sọ láàárín ọdún wọ̀nyí pé orin àkọ́kọ́ Sunny ló kàn, ẹjọ́ ni ì bá ti kọ́kọ́ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Dá àbá tó bá wù ọ́, kó o sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí àbá san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. San ti oṣù kan, kó o wò ó. Bèèrè bóyá wọ́n máa ń gbà kí ènìyàn fo oṣù tí àwo rẹ̀ kò bá wù ú. Má yá owó ra àwo méjì nítorí pé o rò pé wàá ta ìkejì ní ìlọ́po. Bí ilé ni o sì wà, l'Ọ̀sí tàbí ní Ìlọ́fà, má jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà. Ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì ni kó bá ọ gbé e sáàárín aṣọ nínú báàgì. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn, nítorí yóò ká. Ìdúró ni kó o tò ó sí, má tò ó léra. Bí ọyẹ́ bá dé, nu eruku rẹ̀ kó o tó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Púpọ̀ nínú téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ gba orin wa sí ti sọnù tàbí ti bàjẹ́. Nítorí náà, bí àwọn ará òkè òkun bá fẹ́ tún orin kan tẹ̀ jáde, àwo àtijọ́ tó bá ṣì dára ni wọ́n sábà máa ń wá kiri láti da orin inú rẹ̀ kọ. Àwo tí wọ́n ń dábàá rẹ̀ l'Amẹ́ríkà lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ l'Ọ̀sí. Bí ẹnì kan bá wá rà á, má tà á ní páálí páálí lówó pọ́ọ́kú. Kó wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà wọn sínú ìwé, fi fóònù ya ojú wọn méjèèjì, kó o sì bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe kó o tó dá a lóhùn iye.