Ìdílé kan, ìkòkò mẹ́rin

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìjọba kò ka èèwọ̀ yẹn sí. Lọ́dún 1991 àti 2006, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ka gbogbo Nàìjíríà. Bí akànìyàn bá wọ Ìpòtì-Èkìtì lọ́la, tó ní, “Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé yìí?”, ìtumọ̀ tí onílé bá fún “ilé” ni yóò fi dá a lóhùn.

Lẹ́nu wa, ilé ju ògiri àti òrùlé lọ. Nígbà tí a bá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kò sẹ́ni tó ń wo páànù. Ulé ni ará Èkìtì ń pè é, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí “i” bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, “u” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ojúlé ni ilé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Agbo ilé ni ibi tí ọmọ baba kan náà, aya àti ọmọ wọn kóra jọ sí, lábẹ́ baálé. Ìdílé ni ìran: ọmọ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún l'Ékòó ṣì wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò sì jáde níbẹ̀. Ẹbí tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kó ti ìyá mọ́ ti baba.

Akànìyàn kò wá ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan, ló ń wá. Kí ó kúkú béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Láàárín ọdún 1400 sí 1600, àwọn akọ̀wé ìjọba Ottoman ti ilẹ̀ Tọ́kì ń lọ láti abúlé dé abúlé, títí dé ilẹ̀ Balkan, kí ọba lè mọ owó orí tí yóò wọlé. Orúkọ olórí “hane”, ìyẹn ilé, ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ń kọ àpọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì ń kọ opó tó jẹ́ olórí ilé. Aya àti ọmọdé kò sí nínú ìwé. Òpìtàn Ömer Lütfi Barkan wá ka hane kọ̀ọ̀kan sí ènìyàn márùn-ún kó lè mọ iye ará ìlú, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn lé e lórí. Ẹni tó bá ka agbo ilé kan ní Ìpòtì sí ènìyàn márùn-ún, àwọn aya àgbà nìkan lè má tán nínú ìṣirò rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, ẹ ṣọ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú. Baálé ni olórí agbo ilé, baálẹ̀ ni olórí abúlé. Ẹni tó kọ “baale” lásán ti sọ abúlé di agbo ilé.

Nítorí náà, bí ọmọ ìyá mẹ́rin bá ń gbé agbo ilé kan, tí kálukú ń dáná tirẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé “ìdílé mẹ́rin ló wà níbẹ̀.” Ìdílé kan ni, ìkòkò mẹ́rin.